Ogójì Ọdún Tí Mo Fi Ń Yẹ Ìwé Àlòkù Wò ní Ìdànrè

Kí n má purọ́ fún yín: bí mo bá tún ayé wá, mi ò ní ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Wọ́n á ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, wọ́n á ní kí ọmọdé tẹpá mọ́ṣẹ́. Èmi náà tẹpá mọ́ṣẹ́, ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n Tèmítọ́pẹ́ ọmọ ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, bi mí lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde pé, "Màmá, ṣé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títà bíi tiyín?" Mo ní kó fún mi láyè kí n ronú. Ohun tí mo rò ni mo ń kọ yìí, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá iṣẹ́ tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n yẹ ìwé àlòkù wò, kí n sì sọ bó ṣe wà. Ẹnì kan wà l'Ékòó tó ń wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Kò lè wá sí Ìdànrè wá fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ sórí pélébé bébà ló máa fi rà á. Bí mo bá ní ẹ̀yìn ìwé náà ṣì le, a jẹ́ pé ó le. Bí mo bá ní ojú ìwé méjì ti já, á mọ̀ kó tó sanwó. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ẹyin yẹn ni mo sì ń gbé kiri lójoojúmọ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo parí girama, kò sí ẹni tó lè rán mi lọ síwájú. Bàbá mi ń ṣoko kòkó lọ́nà Ofosu, ìyá mi sì mọ ìyàwó Tíṣà Akínbọ̀dé nínú ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ló bá mi wáṣẹ́ lọ́dọ̀ Tíṣà. Owó tí Tíṣà ń fún mi kò tó ohun tí à ń sọ.

Tíṣà ti jẹ́ hẹ́dímásítà rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé àwọn olùkọ́ àti àwọn ajíhìnrere tó ti kú, nítorí àwọn ọmọ wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Yàrá méjì tó kọjú sí títì nílé rẹ̀ ní Odode ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ilé náà fara ti àpáta. Bí oòrùn bá pa àpáta lọ́sàn-án, ògiri á gbóná bí ààrò. Bó bá di ìdájí, ògiri kan náà á máa làágùn. Ẹni tó bá fẹ́ ba ìwé jẹ́ kò lè rí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n máa gbé ìwé kúrò lára ògiri láràárọ̀ kí n sì máa dá wọn padà lálẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé wọn.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n ṣí ìwé kankan. Ọwọ́ fífọ̀ ni mo ń kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí mo bá fọwọ́ tán, mo máa fi aṣọ funfun nù ún, Tíṣà á gba aṣọ náà, á gbé e sójú oòrùn. Bó bá rí àbàwọ́n bín-ín-tín, ó di kí n tún un fọ̀. Ó ní kí n gé èékánná mi dé ẹran. Mi ò gbọdọ̀ fi ìpara pa ọwọ́. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, àfi búrẹ́dì kan ṣoṣo, tí mo máa sọ ohun tí à ń fi í ṣe tó bá yá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ mi ní òórùn. Á fi gèlè mi dì mí lójú, á gbé ìwé sí mi nímú.

"Ìbíyẹmí, níbo lèyí ti wá?"

Ìwé tí wọ́n tọ́jú sórí àjà ń rùn bí èéfín. Àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n, ṣùgbọ́n kòkòrò kì í sún mọ́ ọn. Èyí tó ti inú ahéré wá ń rùn bí kòkó tútù, tàbí bí oògùn tí wọ́n ń fín sára kòkó, ìyẹn sì máa ń fọ́ ẹni lórí. Ìwé tó ti bu ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká kó tó gbẹ. Bí mo bá ṣì í, Tíṣà á fi rúlà gbá mi ní oríkèé ìka, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í gbá mi lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í gbójú fò ó.

Ó tún máa ń yọ ojú ìwé kan pamọ́, á wá gbé ìwé náà fún mi. Lọ́jọ́ kan mo ka iye ojú ìwé tó wà nínú ìwé kan tán, mo ní, "Ó pé, sà." Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ojú ìwé kan tó ṣẹ́ sí méjì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ìwọ lo ní ó pé. Ẹni tó bá rà á ní Kàdúná ńkọ́? Ṣé á wọ mọ́tò wá bá ọ níbí?"

Ó ní kí n ka ojú ìwé gbogbo ìwé tó wà lára ògiri ọ̀tún, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí. Ìka mi bó. Kí n sọ òótọ́, láti ọjọ́ náà títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú ìwé kan kò sá mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́.

Ìpele márùn-ún ni Tíṣà ní, èdè wa ló sì fi ń pè wọ́n: Ó Pé, Ó Ti Rìn, Ó Rìn Jìnnà, Ó Jìyà, àti Òkú. Òkú ni ìwé tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán tí èèpo rẹ̀ ṣì ń dán. Ó ní ó jọ àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ́ mi pé kí n máa kọ àbùkù ìwé kí n tó kọ ẹwà rẹ̀. Ó sì kọ́ mi pé ohunkóhun tí ẹni tó ni ìwé bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, ìdọ̀tí ni. Bó bá jẹ́ inkí, kí n kà á mọ́ àbùkù. Bó bá jẹ́ pẹ́ńsùlù, kí n pa á rẹ́.

Mo gbà á gbọ́. Ta ni mí tí mi ò ní gbà á gbọ́?

Ọdún kẹrin tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni obìnrin kan gbé àpótí ìwé wá tà. Wọ́n ń tún ilé ọkọ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fẹ́ palẹ̀ yàrá kan mọ́. Ìwé orin ìsìn kan wà nínú rẹ̀, aláwọ dúdú, inú agolo ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ le, òwú tí wọ́n fi rán an kò já, kòkòrò kò fẹnu kàn án. Àbùkù kan péré ló ní: ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí gbogbo ojú ìwé tó ṣófo lẹ́yìn, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà.

Tíṣà ní oníbàárà kan l'Ékòó tó ń wá irú ìwé yìí. Ó gbé e ka iwájú mi.

"Bó o bá mú pẹ́ńsùlù yìí kúrò, Ó Pé ni. Rọra ṣe é."

Búrẹ́dì ni à ń fi ṣe é. Ẹ máa bu inú búrẹ́dì tútù, ẹ máa fọwọ́ pò ó kó rọ̀ bí iyán, ẹ máa yí i lórí bébà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á gbé pẹ́ńsùlù kúrò, kò sì ní ha bébà bíi kílínà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo rí i pé orúkọ èèyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ń kà wọ́n bí mo ṣe ń pa wọ́n rẹ́, bí èèyàn ṣe ń ka pátákó lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí mọ́tò ń sáré. Nígbà tí mo parí, mo kọ Ó Pé sórí bébà, mo sì fọwọ́ sí i. Inú mi dùn. Tíṣà gbé ìwé náà sójú oòrùn, ó ní, "O ti di oníṣẹ́." Kò yìn mí rí ṣáájú ọjọ́ náà, kò sì yìn mí mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Ẹkúndayọ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin tó ta ìwé náà ni. Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí i sí, kí àwọn èèyàn tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ó ti ń tó àádọ́rin ọdún nígbà náà. Èdè wa ti Ìdànrè ló ń sọ, mo kàn ń fi èyí tí gbogbo yín gbọ́ sọ ọ́ ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí.

"Wọ́n ní ìyàwó àbúrò mi gbé ìwé bàbá mi wá síbí. Mi ò bá ìjà wá. Ẹ kàn bá mi ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni."

Ó ṣàlàyé. Àwọn mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀, lókè lọ́hùn-ún. Ìgbóná pa wọ́n lọ́dún kan náà, kí wọ́n tó bí òun. Bàbá rẹ̀ kọ orúkọ wọn sínú ìwé orin, ó sì kọ ibi tí wọ́n sin ẹnì kọ̀ọ̀kan sí nínú àpáta. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ wọn nínú ilé títí ó fi kú. Ẹkúndayọ̀ ọmọ rẹ̀ wá fẹ́ ṣe òkúta ìrántí síbi tí ilé wọn wà lókè. Birikilà ti ń dúró.

"Orúkọ méjì ni mo mọ̀. Méjì tó kù, inú ìwé yẹn ni wọ́n wà."

Tíṣà gbé ìwé náà fún un. Ìyá Ẹkúndayọ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣe rí. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn. Ó ṣí ojú kejì, ó ṣí ẹ̀kẹta.

"Níbo ni ọwọ́ bàbá mi wà?"

Tíṣà nàka sí mi. "Ọmọ yìí ló pa á rẹ́, Màmá. Ó ń kánjú jù. Mo ti kìlọ̀ fún un títí."

Mo wo ojú Tíṣà. Kò wo ojú mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Màmá."

"Ìwọ lo pa á rẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o kà á kó o tó pa á rẹ́?"

"Mo kà á, mà."

Ó sún àga rẹ̀ mọ́ mi. Mo rí i pé ìrètí ti dé ojú rẹ̀. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mi ò rántí. Mo wá a nínú orí mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko, mi ò rí nǹkan kan. Mo gba ìwé náà, mo sáré gbé e lọ sójú fèrèsé, mo dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oòrùn lè là á kọjá, torí pẹ́ńsùlù máa ń tẹ bébà. Búrẹ́dì mi ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ti tẹ́jú. Ó pẹ́ kí n tó rí ojú kan tó jìn díẹ̀. Mo kà á sókè: "Akínyẹmí."

"Mo mọ ìyẹn," ni Ìyá Ẹkúndayọ̀ wí.

Mo ń wá òmíràn lọ́wọ́ nígbà tí Tíṣà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní ìwé ti ní oníbàárà, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Ìyá Ẹkúndayọ̀ fẹ́ dìde. Mo tún kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká láti fi ti ara rẹ̀ sókè.

"Mi ò bínú sí ọ, ọmọ mi. Ìwọ tó o mọ̀wé, o ò mọ̀ wọ́n. Èmi tí mo ní wọn, mi ò mọ̀wé."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tí mo bá Tíṣà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á rẹ́." Ó ń fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìdọ̀tí ni mo ní kó o pa rẹ́. Mi ò ní kó o pa orúkọ èèyàn rẹ́."

Oṣù kejì mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Wọ́n ti gbé òkúta náà kalẹ̀. Birikilà ti fi símẹ́ńtì ṣe ìlà mẹ́rin. Méjì ní orúkọ, méjì ṣófo.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Mo ti lọ́kọ, mo ti lóyún, ọkọ mi ń kọ́ ilé fún àwọn ẹlòmíì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo jókòó ti ẹni tó fi orúkọ mi bo àṣìṣe rẹ̀, mo ń kí i káàárọ̀. Mi ò pa pẹ́ńsùlù rẹ́ mọ́. Mo ń da gbogbo ìkọwé inú ìwé kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, Tíṣà rí mi, ó sì jẹ́ kí n máa ṣe é. Nígbà tó kú, ẹni mẹ́fà ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ pé olóòótọ́ èèyàn ni. Mo fi ìwé ètò ìsìnkú bojú.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Oòrùn, ìka àti imú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá dé, lẹ́yìn náà iná funfun tí kì í gbóná. Ìwọ̀nyẹn ràn mí lọ́wọ́, mi ò jẹ́ sọ pé ohun tuntun kò dára. Fóònù ló pa wá. Akíntúndé, ọmọ Tíṣà, tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Àkúrẹ́, ló jogún ṣọ́ọ̀bù. Ó ní orí ayélujára ni a ó máa tà báyìí. Èmi á yẹ ìwé wò, á ya fọ́tò rẹ̀, á gbé ọ̀rọ̀ mi àti orúkọ mi sábẹ́ fọ́tò. Ó ní, "Àǹtí, orúkọ yín ni ọjà wa." Mo gbà á fún ìyìn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan obìnrin olùkọ́ yunifásítì kan wakọ̀ wá láti Ìbàdàn. Ó gbé ìwé kan kalẹ̀ níwájú mi, ó ṣí i. Ikán ti gbẹ́ ihò gba àárín rẹ̀ já.

"Màmá, ẹ̀yin ni Ìbíyẹmí?"

"Èmi ni."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Ó Pé, ni wọ́n kọ.

"Èmi kọ́ ló kọ ọ́, mà. Òkú ni mo kọ fún ìwé yìí. Mo rántí rẹ̀."

"Orúkọ yín kọ́ nìyí?"

"Orúkọ mi ni."

"Nítorí orúkọ yín ni mo ṣe rà á," ó ní, kò sì pariwo. Ì bá sàn fún mi bó bá pariwo. "Ọ̀gá mi ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Ìdànrè tí kì í purọ́."

Mo pe Akíntúndé. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló ń ka ọ̀rọ̀ yẹn? Fọ́tò ni wọ́n ń wò." Ó ti ń yí ọ̀rọ̀ mi padà fún ọdún méjì. Mo ní kó yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó yọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé àwọn ò nílò ẹni tó ń yẹ ìwé wò mọ́, pé Ọlọ́run á bù kún mi fún gbogbo làálàá mi. Ìgbà tí mo jẹ̀bi díẹ̀, mo kúnlẹ̀, wọ́n dárí jì mí. Ìgbà tí mi ò jẹ̀bi rárá, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.

Nítorí náà, Tèmítọ́pẹ́, èsì mi nìyí. Kọ́ iṣẹ́ tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kó o tó fi ọdún kan ṣe é, béèrè ta ni yóò máa fi orúkọ rẹ tajà, àti bóyá o lè gbà á padà bó bá yá. Bí ọ̀gá rẹ bá kọ́ ọ ní òfin, bi í pé kí ló dé. Bó bá fi rúlà gbá ọ, tún bi í. Èmi ò bi í, mo rò pé ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni.

Eruku ìwé ti wọ̀ mí láyà. Oṣù tó kọjá, ikọ́ gbé mi dé ọsibítù ní Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ń kọ káàdì fún mi, ọmọ jẹ́jẹ́, ó ń pè mí ní grandma. Ó bi mí ní orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò.

"Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ńkọ́, mà?"

"Mo máa ń yẹ ìwé àlòkù wò, mo máa ń sọ bó ṣe wà."

"Ẹ ń tà á ni?"

"Rárá. Mo ń sọ bó ṣe wà."

Ó wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń wá iṣẹ́ mi sókè sódò láàárín àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́yìn mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Kò sí níbí, mà," ó sì tẹ nǹkan kan. Nígbà tí mo délé, mo fún Tèmítọ́pẹ́ ní káàdì náà kó bá mi kà á, torí ojú mi ò ríran tó mọ́. Ó kà á sínú.

"Kí ni wọ́n kọ síbi iṣẹ́?" ni mo bi í.

Ó ní, "Ìyàwó ilé."